Fọ́ọ̀mù Tí Ọmọ Gbé Wá Láti Ilé Ìwé: Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Ohun Tí À Ń Fọwọ́ Sí

 Ẹ̀kọ́ ti ọ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe ti àjọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti owó ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ ìlera àwọn ọmọ wa ní ilé ìwé ni, àti ti ìwé pélébé tí wọ́n máa ń fi rán ọmọ sí wa pé kí á fọwọ́ sí. Fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda òbí ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti tẹ̀ka sí i rí láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló sì ti fà á ya, tí wọ́n ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi oògùn òyìnbó pa ọmọ àwọn. Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Bí ẹnìkan bá gbé àpò èlùbọ́ wá láti Ìmẹ̀kọ tàbí Ìjọ́ùn, tó ní ká sanwó, ta ni nínú wa tí kò ní tú ẹnu àpò náà wò? A ó tú u, a ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, a ó fi díẹ̀ sẹ́nu, a ó béèrè ìgbà tí wọ́n lọ̀ ọ́. Tí kò bá dára, a ó ní kó máa gbé e lọ. Tó bá dára, a ó nájà rẹ̀. Ẹni tó sanwó láì tú u, ó ti ra ohun tí kò mọ̀. Ẹni tó lé ọlọ́jà náà láì tú u, ó lè jẹ́ pé ojúlówó ló lé lọ. Bí fọ́ọ̀mù ilé ìwé ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Àwa tí a bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní ayé UPE, èyí tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní 1976, a kò mọ fọ́ọ̀mù kankan. Ọjọ́ tí àwọn onílera bá dé, tíṣà á kàn tò wá sórí ìlà, wọ́n á ní ká ká apá aṣọ sókè. Ẹni tó bá sunkún á gba ti ẹkún rẹ̀ lọ́tọ̀. Ìyá wa kò ní mọ̀ títí a ó fi délé, tí apá á ti wú. Mi ò gbọ́ pé ìyá kan lọ bá héàdìmásítà jà lórí rẹ̀, torí wọ́n gbà pé ohun tí ìjọba bá ti ṣe ló dára. Ayé ti yí kúrò níbẹ̀. Òfin ti yí, ọkàn àwọn èèyàn náà sì ti yí, ó sì ní ohun tó fà á.

Ní 1996, àrùn yírunyírun, èyí tí í máa ń mú ọrùn ọmọ gan, jà gidigidi ní ìlú Kano. Ilé iṣẹ́ apòògùn kan láti Amẹ́ríkà, Pfizer, gbé oògùn tuntun kan dé, Trovan lorúkọ rẹ̀. Ọmọ 200 ni wọ́n kó jọ. Wọ́n fún ìdajì wọn ní Trovan, wọ́n fún ìdajì yòókù ní oògùn mìíràn tí àwọn dókítà ti ń lò tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè fi èkínní wé èkejì. Ọmọ 11 ló kú, ó sì kan àwọn tó gba oògùn méjèèjì. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ńṣe ni wọ́n ń dán oògùn wò lára ọmọ àwọn. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn gba ìyọ̀ǹda wọn lẹ́nu, àti pé àrùn ló pa àwọn ọmọ, kì í ṣe oògùn. Ẹjọ́ náà fà títí di 2009, kí wọ́n tó parí rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano lórí mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ó di 2011 kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn òbí kan.

Ẹ wo ọdún tó wà láàárín 1996 sí 2011, kí ẹ sì wo ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Wọ́n ń jà lórí ohun tí ẹnìkan sọ àti ohun tí ẹnìkan gbọ́. Ìyọ̀ǹda tó jẹ́ ti ẹnu nìkan kò ní ẹlẹ́rìí. Ìdí tí fọ́ọ̀mù fi wà nìyẹn. Kì í ṣe ilé ìwé àti ìjọba nìkan ló ń dáàbò bò, ó ń dáàbò bo ìwọ ìyá náà, tí o bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tí o sì ní ẹ̀dà tìrẹ lọ́wọ́.

Ẹ̀rù tí ọ̀ràn yẹn dá sí àwọn èèyàn lọ́rùn kò tíì kúrò. Ní 2003, nígbà tí àwọn kan ní Kano àti láwọn ìpínlẹ̀ mìíràn lókè ọya ní oògùn rọpárọsẹ̀ máa ń sọ ọmọbìnrin di àgàn, ọ̀pọ̀ ló gbà wọ́n gbọ́. Kano dá oògùn náà dúró títí di July 2004. Kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Àrùn náà gbéra, ó wọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, títí kan Benin tí a jọ pààlà níbí. Ó di August 2020 kí wọ́n tó lè kéde pé oríṣi rọpárọsẹ̀ àtètèkọ́ṣe ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní October 2017 náà, nígbà tí àwọn sójà ń ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àwọn èèyàn ní Ozubulu, ní ìpínlẹ̀ Anambra, wọ́n gbé e káàkiri pé sójà ń fi abẹ́rẹ́ gún ọmọ ilé ìwé ní àrùn ọ̀bọ, ìyẹn monkeypox. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn òbí ya wọ ilé ìwé ní ìpínlẹ̀ bíi mélòó kan láti lọ kó ọmọ wọn. Mi ò bú wọn. Ẹni tí a kò sọ nǹkan kan fún, ohun tó bá kọ́kọ́ gbọ́ lọ́jà ni yóò dì mú.

ÒFIN TÓ WÀ LẸ́YÌN WA

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, torí ibi tí wọ́n ti ń fi òyìnbó dẹ́rù bà wá nìyí. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2014 sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tọ́jú èèyàn gbọ́dọ̀ sọ fún un bí ara rẹ̀ ṣe wà, irú ìtọ́jú tó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀, iye tí yóò ná an, àti pé ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́, pẹ̀lú ohun tó lè tẹ̀yìn kíkọ̀ náà wá. Tó bá jẹ́ ọmọdé ni, òbí tàbí alágbàtọ́ ni wọn yóò bá sọ ọ́. Òfin náà tún ní níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí ẹni náà gbọ́ ni kí wọ́n fi sọ ọ́, kí wọ́n sì wo bó ṣe mọ̀wé sí.

Ẹ ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì. Èdè tí a gbọ́! Kì í ṣe ojú àánú ni nọ́ọ̀sì ń ṣe fún wa tó bá fi Yorùbá ṣàlàyé, ẹ̀tọ́ wa ni. Ìyá tó bá sọ pé "nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ ní Yorùbá" kò ṣàfojúdi, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni pariwo mọ́ ọn pé kó tètè tẹ̀ka, èrò pọ̀ lẹ́yìn.

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé náà wà, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí ìpínlẹ̀ Ògùn sì sọ di tirẹ̀ ní 2006. Ohun tó bá ṣe ọmọ láǹfààní jù ni òfin yẹn ní kí á fi ṣíwájú. Nítorí náà ẹ̀tọ́ òbí láti kọ̀ ní ààlà. Bí àpẹẹrẹ, òfin náà ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì gbọ́dọ̀ gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé, ọrùn òbí tàbí alágbàtọ́ ló sì gbé e kọ́. Ìyá tó ní "ọmọ mi ni, ohun tó bá wù mí ni mo lè ṣe", kó tún un rò.

Ó yẹ kí n fi ti Lọ́ńdọ̀nù kún un, torí àwọn tó lọ kí ọmọ wọn lọ́hùn-ún máa ń bọ̀ wá ròyìn. Níbẹ̀ náà, tí wọ́n bá fẹ́ fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ ní ilé ìwé, fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí òbí. Ṣùgbọ́n ní 1985 àwọn adájọ́ àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ kan tí ìyá kan tó ń jẹ́ Gillick pè. Wọ́n ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, tí òye rẹ̀ bá ti tó láti mọ ohun tí ìtọ́jú náà jẹ́, lè fúnra rẹ̀ gbà á. Ó ya ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa lẹ́nu. Tọ̀hún nìyẹn o. Èmi ò ní kí ẹ mú un wá sí Ìlaró, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé ó dára kí á bá ọmọ tó ti ń gbọ́n sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó gún un, kó má jẹ́ pé ẹ̀rù ni yóò bò ó mọ́lẹ̀.

OÒGÙN ÀTỌ̀SÍ AJÁ

Ẹ jẹ́ ká wá sí ilé ara wa. Lára ohun tó máa ń gbé àwọn onílera wá sí ilé ìwé wa ni oògùn aràn àti oògùn àtọ̀sí ajá. Ẹ̀yin tí ẹ wà lápá Aiyétòrò mọ àrùn yìí. Ọmọ á tọ̀, ìtọ̀ á pọ́n bí omi ìsápá. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí ìdídò Ọ̀yán ní 1983, láàárín Aiyétòrò àti Abẹ́òkúta, ni àwọn oníwádìí ti ń kọ̀wé nípa bó ṣe pọ̀ tó láwọn abúlé etí adágún náà, níbi tí ọmọ ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí ìyá ti ń fọṣọ. Orúkọ lásán ni ti ajá. Ara ìgbín kéékèèké inú omi ni kòkòrò náà ti ń jáde, tí yóò wá gba awọ ara wọlé sára ẹni tó bá wọ omi.

Praziquantel ni oògùn rẹ̀. Wọ́n máa ń fi ọ̀pá wọn bí ọmọ ṣe ga tó, kí wọ́n lè mọ iye hóró tí yóò gbé mì. Ó yẹ kí ọmọ ti jẹun kó tó lò ó. Inú lè run ọmọ, òòyì lè kọ́ ọ, ó lè bì, pàápàá ọmọ tí kòkòrò bá pọ̀ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà pẹ́ kó tó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún un nítorí pé wọ́n ní ó ń sọ ọmọ di àgàn, ẹ gbọ́ o. Àrùn náà gan-an, tí a bá fi sílẹ̀ lára ọmọbìnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, lè ba ojú ara àti ilé ọmọ rẹ̀ jẹ́ débi tí yóò fi máa wá ọmọ tí kò ní rí. Ohun tí ẹ ń sá fún ni ẹ ń fi sílẹ̀ sára ọmọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ilé ìwé kan tí mi ò ní dárúkọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti lọ ra ọjà ní Pọ́bẹ̀ láti òru. Ọmọ kò jẹun kúrò nílé, owó oúnjẹ wà lápò rẹ̀ pé kó rà á tí wọ́n bá jáde ìsinmi. Àwọn olóògùn dé kí ìsinmi tó tó, ó gbé tirẹ̀ mì bí àwọn yòókù. Kò pẹ́, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú. Kí ẹ tó pajú pẹ́ẹ́, ìròyìn ti dé ọjà pé wọ́n ti fi oògùn pa ọmọ mẹ́ta. Ẹ wá wo eré! Ẹlẹ́pò fi epo sílẹ̀, aláta da ata nù, ìyá àgbà kan tó ti lé ní àádọ́rin sá tẹ̀lé wa láì wọ bàtà. Nígbà tí a débẹ̀, ọmọ jókòó lábẹ́ igi, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, ojú ń tì í.

Fọ́ọ̀mù ti wà nínú báàgì ọmọ náà láti ọjọ́ mẹ́rin. Ó wà níbẹ̀ lédè òyìnbó pé kí ọmọ jẹun kó tó wá. Ẹnikẹ́ni kò kà á, ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ sí i, síbẹ̀ ilé ìwé fún un lóògùn. Lójú tèmi ilé ìwé jẹ̀bi jù. Tí fọ́ọ̀mù kò bá padà wá, ńṣe ló yẹ kí wọ́n ránṣẹ́ pe òbí, kì í ṣe kí wọ́n ro pé dídákẹ́ rẹ̀ ni gbígbà rẹ̀.

ABẸ́RẸ́ ÀWỌN ỌMỌBÌNRIN

Èyí tó tún dá ariwo sílẹ̀ ni abẹ́rẹ́ HPV. Ní October 2023 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ni wọ́n ń fún, ẹ̀ẹ̀kan péré, lápá, lọ́fẹ̀ẹ́. Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ló wà fún. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á máa fi ojú kéékèèké wo àrùn yẹn. Àwọn tó ń ṣírò rẹ̀ ní ní 2020 nìkan, ó lé ní 12,000 obìnrin tó ní in ní Nàìjíríà, bíi 8,000 ni ó sì pa. Inú ọjà wa yìí náà la ti mọ̀ ọ́n, àfi pé a máa ń pe orúkọ mìíràn mọ́ ọn: a ní ẹ̀jẹ̀ ló ń ya lára rẹ̀, a ní ayé ni.

Kòkòrò HPV ló sábà máa ń fà á, ìbálòpọ̀ ló sì ń gbé e kiri. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di àlùbọ́sà sí àwọn ìyá lójú. Wọ́n ní ṣé oníṣekúṣe ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni? Rárá o. Kí kòkòrò tó débẹ̀ rárá ni abẹ́rẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ jù, bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ kí olè tó dé. Ọmọ tó wọ ilé ọkọ ní wúńdíá pàápàá, ṣé ó mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ń bọ̀? Àrùn náà sì máa ń lò tó ọdún 15 sí 20 lára kó tó fojú hàn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án òní ni a ń ṣe é fún, nígbà tó bá di ìyá ọlọ́mọ.

Ìyá kan tó ń ta gàrí láàárín wa, àrùn yìí ló pa àbúrò rẹ̀. Ní 2023 yẹn, ó wà ní Àjàṣẹ́ nígbà tí fọ́ọ̀mù délé. Ìyá ọkọ rẹ̀ fi dáná, ó ní ọmọ òun kò ní gba abẹ́rẹ́ àgàn. Ọmọ náà ku oṣù díẹ̀ kó pé ọdún 15. Nígbà tí ìyá dé tó gbọ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó mú ọmọ lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n gún un, wọ́n fún un ní káàdì. Ká ní ó dúró ní Àjàṣẹ́ títí ọmọ fi kọjá ọjọ́ orí náà ńkọ́?

Èyí kan gbogbo àwa tí à ń ná ọjà ẹnubodè. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, nígbà tí a bá wà ní Ìdí-Ìrókò, ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀. Tí sáà ilé ìwé bá wọlé, lọ bá héàdìmásítà, kí o sọ ẹni tó lè fọwọ́ sí ìwé ọmọ rẹ tí o kò bá sí nílé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lójú rẹ, kí nọ́ńbà fóònù rẹ sì wà níbẹ̀. Bá ẹni náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, kó mọ ohun tí o fẹ́. Kí ìwọ àti bàbá ọmọ sì jókòó sọ ọ́ ṣáájú, torí mo ti rí ibi tí ìyá ti gbà, tí bàbá lọ fa ọmọ jáde lórí ìlà, tí gbogbo ilé ìwé ń wò wọ́n.

Tí fọ́ọ̀mù bá wá dé, má fọwọ́ sí èyí tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí. Bí a kì í ṣeé fọwọ́ sí ìwé owó tí iye kò sí nínú rẹ̀ nìyẹn. Béèrè orúkọ oògùn náà, àrùn tó wà fún, àti ẹni tó ń fún wọn: ṣé àwọn onílera ìjọba ìbílẹ̀ ni, àbí ta ni? Béèrè bóyá oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ ni tàbí èyí tí wọ́n ń dán wò. Tó bá jẹ́ ti ìdánwò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, má tẹ̀ka sí i lọ́jọ́ yẹn. Mú un lọ bá dókítà kan tí kò sí lára wọn. Béèrè ohun tó lè ṣe ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ àti ibi tí wàá gbé e lọ. Ibi tí wọ́n bá kọ Allergies sí, ohun tí ara ọmọ rẹ ń kọ̀ ni wọ́n ń béèrè, oúnjẹ tàbí oògùn. Má fò ó. Bí ọmọ bá ní ikọ́ fée, wárápá, tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, sọ ọ́, ìtìjú kò sí níbẹ̀. Bó bá ń ṣàìsàn lọ́jọ́ náà, sọ ìyẹn náà, wọ́n lè sún tirẹ̀ síwájú. Ti oògùn aràn, ti àtọ̀sí ajá àti ti HPV tí ìjọba ń gbé wá, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kí o mú owó wá, ní kó kọ rìsíìtì.

Tí o bá sì fẹ́ kọ̀, kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé o kọ̀, kí o dá a padà. Èyí tó wà nínú báàgì ọmọ kò tíì dáhùn nǹkan kan. Káàdì tí wọ́n bá fún ọmọ, fi í sínú ọ̀rá, kó o tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwé ìbí rẹ̀.

Àwọn tó mọ̀wé nínú ẹgbẹ́ ti gbà láti máa ka fọ́ọ̀mù fún ẹni tí kò bá yé, ní gbogbo ọjọ́ ọjà, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní ìsọ̀ akọ̀wé. A kò ní gba kọ́bọ̀. A kò ní bá ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí i o, a ó kàn kà á síta ní Yorùbá ni. Ẹ mú un wá kó tó di ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ dá a padà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti gba abẹ́rẹ́ HPV, kó mú káàdì rẹ̀ dání wá, kí àwọn yòókù lè fojú ara wọn rí bó ṣe rí.